Ṣọ́bìrì Tí Àwọn Ará Abẹ́lẹ̀ Yá Mi

Ẹni tí ó bá ń kánjú kí ó tètè máa lọ o, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn, kò sì dára fún ẹni tí ó fẹ́ fi ẹ̀rín sùn. Èmi Ọdẹ́níran ọmọ Ọdẹ́tókun ni mo ń sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n Òkè Àgọ̀ jà títí ìwo rẹ̀ fi kán sí mi nítan, tí mo sì rìn wálé tòun ti ìwo náà lára, tí mo ń kí àwọn ènìyàn lọ́nà. Mo ti bá iwin du ẹran lẹ́nu odò, mo sì gba ẹran náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran ni mo wá lọ sí Igbó Awalẹ̀ lọ́dún tí mò ń wí yìí. Ohun tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ ni mo wá lọ. Inú ń bí mi títí di òní, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín.

Bàbá ìyàwó mi ni ọ̀rọ̀ kàn. Ògúnróunbí ni orúkọ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ ni ní ìlú Òkèyangí. Orúkọ ìlú náà kì í ṣe àwàdà: yangí ni ilẹ̀ wọn, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, tí ènìyàn bá sọ ọkọ́ sí i, ọkọ́ ni yóò tẹ́. Ìyá ìyàwó mi fi ọkọ́ kúkúrú ro ilẹ̀ yìí láti ìgbà ọmọge títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ó kú, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ sínú pósí, nítorí pé ẹ̀yìn náà kò ṣeé nà mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Ògúnróunbí ti bá ọkọ́ ṣọ̀tá. Ó wọ inú àgbẹ̀dẹ lọ, ó ń fín iná, ó ń lu irin, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ni ó sì ń mú jáde. Ó rọ ṣọ́bìrì kan tí ó tẹ èjìká rẹ̀ méjèèjì pẹlẹbẹ kí ẹsẹ̀ lè rí ibi tẹ̀, kí apá nìkan má baà máa jìyà. Ó rọ òmíràn tí ó ní ọwọ́ kejì lọ́rùn, kí arúgbó lè dúró ṣánṣán kí ó sì máa kó erùpẹ̀. Ó rọ ọkọ́ kan tí òrùka irin wà lọ́rùn rẹ̀: bí o bá yí òrùka náà, ọkọ́ a nà gbọọrọ, a di ṣọ́bìrì, bí o bá tún un yí, a tún di ọkọ́. Ó pa eyín bí ti ayùn sẹ́nu èyí tí a ó fi gé gbòǹgbò, ó sì lu ihò sára èyí tí a ó fi kó ẹrẹ̀, kí ẹrẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni ẹlẹ́nu-méjì, tí ó jọ ẹmú àgbẹ̀dẹ. Ẹ ó là á, ẹ ó sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó pa á dé, yóò sì bu erùpẹ̀ jáde lódindi. Òun ni ó fún mi láti máa fi wa òkété, ọdẹ kan kò sì wa òkété tó mi ní gbogbo agbègbè yẹn.

Ǹjẹ́ ẹ rò pé àwọn ará Òkèyangí dúpẹ́? Baálẹ̀ wọn ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní gbangba pé, "Ọkọ́ tí kò bá mú ènìyàn bẹ̀rẹ̀, ọkọ́ ọ̀lẹ ni." Gbogbo ìlú gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n sọ bàbá náà ní Alágbẹ̀dẹ-Ọ̀lẹ. Bí ó bá ń kọjá lọ, àwọn ọkùnrin a fọwọ́ di ìbàdí mú, wọn a ní, "Bàbá, ẹ bá wa rọ irin tí yóò máa jẹun fún wa, ẹnu ń ro wá!" Àwọn obìnrin tí ẹ̀yìn tiwọn náà ti ń tẹ̀ lọ ń bá wọn rẹ́rìn-ín, èyí ni ó sì dùn mí jù.  Ọdọọdún ni bàbá ń di àwọn irin tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ní ẹrù, tí ó ń gbé wọn wọ Igbó Awalẹ̀ lọ, tí ó sì ń padà lọ́wọ́ òfo. A rò pé ṣe ni ó ń lọ dà wọ́n nù.

Àárín ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ó kú. Ní Òkèyangí, àna ni ó ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú, inú yàrá òkú fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ sí. Àna méjì ni wá: Ládépò, tí ó fẹ́ ọmọbìnrin àgbà, àti èmi tí mo fẹ́ Àyọ̀ká, àbígbẹ̀yìn. A sọ dígà sílẹ̀, dígà tẹ̀. A sọ òmíràn, ọ̀pá rẹ̀ dá. Ẹlẹ́nu-méjì tèmi, erùpẹ̀ rírọ̀ ni a ṣe é fún, kì í ṣe òkúta, irin bàbá kankan kò sì ṣẹ́kù nílé. Títí oòrùn fi ń wọ̀ ni a ń làágùn, kòtò náà kò jìn ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni Baálẹ̀ dé, ó wo kòtò, ó wo òkú, ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn, ṣé ẹ kò rí i ni? Ọkùnrin yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ fojú di ilẹ̀, ilẹ̀ sì ti kọ̀ ọ́. Òkú tí ilẹ̀ bá kọ̀, igbó ni tirẹ̀. Bí oòrùn ọ̀la bá wọ̀ tí kòtò yìí kò tíì mu ènìyàn dé àyà, kí àwọn àna gbé e lọ sọ sígbó." Ẹ̀yin náà mọ irú òkú tí a ń sọ sígbó. Ẹni tí àrá pa ni, àti ẹni tí ó pokùn so. Bàbá tí ó gbó, tí ó tọ́, tí ó bímọ, ni wọ́n fẹ́ kà mọ́ wọn.

Àyọ̀ká di okùn ìbọn mi mú. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ẹ ti wọ igbó nítorí ẹran, ẹ ti wọ̀ ọ́ nítorí ìjà. Ẹ bá mi wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí bàbá mi. Mo fẹ́ ojú oórì tí màá máa kúnlẹ̀ sí pe bàbá mi bí ayé bá le mọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ sígbó." Kò sunkún nígbà tí ó ń sọ ọ́. Àwọn àgbà sì ní bí a bá ń sunkún pàápàá, à máa ríran. Mo bi ara mi pé irin tí bàbá ń gbé lọ lọ́dọọdún ńkọ́? Ibi tí ó ń dà á sí, bí mo bá rí ọ̀kan níbẹ̀ tí ipata kò tíì jẹ tán, ó sàn ju dígà tó tẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa mo ti kọjá odò, mo ti doríkọ Igbó Awalẹ̀.

Ohun tí mo jẹ lọ́nà àti igi tí mo jókòó sí kò kàn yín. Nígbà tí mo wọ àárín igbó náà, mo rí i pé ihò ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, ihò ńlá, ihò kékeré, bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì. Lẹ́bàá ihò kan ni mo ti rí ṣọ́bìrì ẹlẹ́jìká pẹlẹbẹ. Kò ní ipata. Ó ń dán, wọ́n ti fi àdín pa á lára. Bí mo ti na ọwọ́ sí i ni mo gbọ́ ohùn kan.

"Ta ni ń tẹ òrùlé wa mọ́lẹ̀?"

Mo wo ìsàlẹ̀. Ìyá arúgbó kan ni, kò ga ju orúnkún mi lọ, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí yangí, èékánná rẹ̀ gùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹnu ọkọ́. Mo ní, "Ọdẹ ni mí, ìyá."

Ó ní, "Òkè ni ọdẹ ń wò, ìwọ ń wo ìsàlẹ̀. Ṣé àwa ni o fẹ́ pa jẹ ni?"

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹnu ọdẹ! Mo ní, "Kí ni màá fi yín ṣe, ìyá? Ẹ kò lè kún ìkòkò kan." Kí n tó pa ẹnu dé, ilẹ̀ ti là lábẹ́ mi, ó ti gbé mi mì dé abẹ́ apá, erùpẹ̀ sì ń fún mi láyà bí ẹni ń fún aṣọ. Mo pe ọfọ̀ tí bàbá mi kọ́ mi fún ẹkùn, kò ràn. Mo pe ti ejò, kò ràn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé kò sẹ́ni tí ó kọ́ mi ní ti erùpẹ̀. Ìyá náà jókòó níwájú imú mi, ó bu erùpẹ̀ kún ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbé e sókè orí mi.

Ó ní, "Dáhùn kí n tó bo orí yìí. Kí ni ó ń jẹ ilẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ tí kì í yó?"

"Ọkọ́ ni, ìyá."

"Ọmọdé pàápàá mọ ìyẹn. Kí ni ọkọ́ fi ń jẹ ilẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé irin. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú inú mi rí pósí kan, mo rí obìnrin tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ sínú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yìn ènìyàn ni ó fi ń jẹ ẹ́."

Ìyá náà sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀. "Ta ni ó ń kọ́lé tí kì í sùn níbẹ̀, tí ẹni tí yóò sùn níbẹ̀ kì í sì í kí i pé ó kú iṣẹ́?"

"Àna ni, ìyá. Àna tí ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú. Iṣẹ́ náà gan-an ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín."

"Òkú ta ni?"

Mo ní, "Òkú Ògúnróunbí, alágbẹ̀dẹ Òkèyangí."

Erùpẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ké, igbe náà sì gba inú ihò kan bọ́ sí òmíràn títí gbogbo igbó fi ń ké. Wọ́n tú jáde lábẹ́ gbòǹgbò àti lábẹ́ òkúta, kúkúrú, pupa, tọkùnrin tobìnrin wọn. Irú ẹlẹ́nu-méjì tí bàbá rọ fún mi ni wọ́n fi yọ mí, bí èmi náà ṣe ń yọ òkété, ojú sì tì mí fún gbogbo òkété tí mo ti yọ.

Wọ́n mú mi lọ sísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ọba wọn, Olúkọ̀tò. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Gbogbo irin tí Òkèyangí fi rẹ́rìn-ín ni wọ́n gbé kọ́ ògiri ààfin náà yíká. Wọ́n sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Èyí tí ó ní ọwọ́ kejì lọ́rùn, Ìsinmi Ìyá ni wọ́n ń pè é, kò sì sí arúgbó kan níbẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Mo wò wọ́n, ṣánṣán ni gbogbo wọn dúró. Inú bí mi sí Òkèyangí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí mo wá ṣe.

Olúkọ̀tò ní, "Ọ̀rẹ́ wa kú, ìlú rẹ̀ kò sì rí nǹkan gbẹ́ ilẹ̀ tí yóò gbà á? Kí ni wọ́n ń pè é nílé?"

Mo yí ojú sí àwọn irin ara ògiri.

"Sọ ọ́, ọdẹ."

"Alágbẹ̀dẹ-Ọ̀lẹ, Kábíyèsí."

 Ọba ní, "Gbé e wá fún wa. A ó sin ín bí a ṣe ń sin ọba."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n òkú náà lọ́mọ. Ojú oórì ni ìyàwó mi bẹ̀ mí fún. Bí mo bá gbé e fún yín, níbo ni yóò máa kúnlẹ̀ sí?"

Ó rò ó. Ó pàṣẹ, wọ́n sì gbé ṣọ́bìrì kan jáde tí n kò rí irú rẹ̀ rí, èyí tí bàbá rọ kẹ́yìn fún wọn. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ ni ó pa pọ̀ sára rẹ̀: ibi ìtẹ̀sẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ọwọ́ kejì lọ́rùn, òrùka tí a ń yí, eyín ayùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ sì ṣóńṣó bí ẹnu àkókó. Olúkọ̀tò ní, "Kòtò kan ṣoṣo ni a yá ọ fún, ti inú yàrá rẹ̀. Ọwọ́ tìrẹ nìkan ni kí ó dì í mú. Bí ọwọ́ mìíràn bá fi gbẹ́ ibòmíràn, irin yóò padà wálé, àwa náà ó sì wá gbé ọ̀rẹ́ wa, nítorí a ó ti mọ̀ pé ẹ kò tọ́ sí i. Ǹjẹ́ àwọn ènìyàn rẹ máa ń gbọ́ràn?"

Mo ní wọn yóò gbọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Ènìyàn kì í bú ilé àna rẹ̀ níwájú àlejò.

Oòrùn ṣì wà lókè dáadáa nígbà tí mo dé. Gbogbo ìlú ti péjọ sí agbo ilé òkú, wọ́n ń dúró de ìgbà tí a ó gbé e lọ sígbó. Mo dúró níwájú wọn, mo ka àdéhùn náà fún wọn bí mo ṣe gbọ́ ọ: ọwọ́ mi nìkan, kòtò kan ṣoṣo. Mo fẹ́ wọlé, ni Ládépò bá na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Ọdẹ́níran, ìgbà wo ni àna kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ilẹ̀ níwájú àna àgbà?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ tán, kí ẹ sì sọ fún ayé pé ẹ̀yin ni ẹ gbẹ́ ẹ. N kò ní jiyàn."

"O fẹ́ bùn mí ní ohun tí ó jẹ́ tèmi? Mo ti fẹ́ ọmọ ilé yìí kí o tó mọ ọ̀nà ibẹ̀!"

Mo wo ojú àwọn àgbà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ọjà lọ́jọ́ náà. Baálẹ̀ ní, "Àṣà ni àṣà, ọdẹ. Àna àgbà ni ó ń kọ́kọ́ ṣá ilẹ̀." Wọ́n yọ ìka mi lára ọ̀pá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò yìnbọn. Ta ni kí n yìn ín fún? Ṣé ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, níwájú òkú bàbá wọn?

Ládépò kò tilẹ̀ gbé e wọ yàrá. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò, ó sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn ní àárín àgbàlá. Irin náà wọ inú yangí bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ẹ̀kọ.  Ládépò tún tẹ̀ ẹ́, erùpẹ̀ tú jáde, ariwo sì ta. "Irin rèé o! Irú irin wo nìyí!" Àwọn tí ń di ìbàdí mú fi bàbá ṣẹ̀sín ni wọ́n ń ti ara wọn ṣubú kí ọwọ́ wọn lè kàn án. Ọ̀kan ní ìpìlẹ̀ ilé òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gbẹ́. Obìnrin kan ní kànga. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ àgbà.

Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀. Ṣalángá mi ti kún láti ìgbà òjò. Ẹ jẹ́ kí Ládépò fi gbẹ́ òmíràn fún mi kíá, kò ní pẹ́, oòrùn kò tíì wọ̀. Òkú kì í sá lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ lé e o, tọmọdé tàgbà, àti àwọn tí wọ́n wá ṣọ̀fọ̀, àti ẹ̀gbọ́n Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ tí ó fẹ́ wo bí ọkọ rẹ̀ yóò ṣe gbẹ́ ilẹ̀. Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń di Ládépò láṣọ mú, wọ́n ń tì mí dà nù. Ó gbẹ́ ṣalángá Baálẹ̀ títí ó fi jìn dé ọrùn rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó tún tẹ̀ ẹ́, ṣọ́bìrì náà kò dúró. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rì wọ inú ilẹ̀ lọ bí ẹja ṣe ń rì sínú omi, ó sì bó o látẹ́lẹwọ́. Ládépò ń ké pé ọwọ́ òun, ọwọ́ òun. Èmi kò dúró gbọ́. Mo ti ń sá padà sílé òkú.

Àyọ̀ká nìkan ni mo bá nínú yàrá. Ó jókòó sílẹ̀, ẹní tí òkú sùn lé kò sí mọ́, ilẹ̀ yàrá sì le gbagidi bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kò tilẹ̀ sí ojú dígà tí a fi ṣá a lánàá.

Mo ní, "Bàbá dà?"

Ó ní, "Wọ́n wá gbé e. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, ìyá kan nínú wọn gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ń sunkún, Bàbá Ọdẹ́bùnmi. Ẹni tí ó sunkún bàbá mi láti àná, àwọn nìkan ni. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà lójú mi, ó gún régé, kò sí ibi tí ó wọ́. Wọ́n wá bi mí pé ṣé kí àwọn máa gbé e lọ ni. Mo wo ẹnu ọ̀nà títí. N kò rí ẹnì kankan. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ, ilẹ̀ sì pa dé lẹ́yìn wọn."

Ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ìtìjú kò jẹ́ kí Òkèyangí sọ fún àwọn ìlú tí wọ́n ń bọ̀ wá sìnkú pé òkú ti lọ. Wọ́n gé odidi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n gbé e sínú pósí, wọ́n sì sin ín sí etídò níbi tí ilẹ̀ gbé rọ̀. Baálẹ̀ sunkún ní gbangba. Ó ní ìlú òun kò ní rí irú alágbẹ̀dẹ ọlọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n yin Ládépò pé àna rere ni, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ bó níbi iṣẹ́. Èmi ni wọ́n bú. Wọ́n ní bí mo bá ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dáadáa ni, kò sí ẹni tí ìbá fọwọ́ kan ṣọ́bìrì náà.

Àyọ̀ká kò kọ̀ mí sílẹ̀. Ó ń se oúnjẹ mi, ó ń kí mi káàbọ̀. Ṣùgbọ́n bí ayé bá le mọ́ ọn, n kì í gbọ́ kí ó pe bàbá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ránṣẹ́ sí i láti Òkèyangí pé kí ó wá bá wọn ṣe ìrántí òkú létídò. Ó ní kí ìránṣẹ́ náà sọ fún wọn pé òun kò ní bàbá tí ń jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyí. Ọ̀gbẹ́ni tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn ti ń nawọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ òrùka irin. Mo ti rí ọ. Sọ̀rọ̀. O ní, báwo ni wọ́n ṣe ń yí òrùka náà, ọ̀nà wo ni ó sì lọ sí Igbó Awalẹ̀? Àwọn mìíràn ń mi orí, ìyẹn ni pé ohun tí ó wà lọ́kàn tiyín náà nìyẹn. Ibi gbogbo tí mo ti sọ ìtàn yìí, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí nìyẹn. Kò tíì sí ẹnì kan tí ó bi mí pé, Àyọ̀ká ńkọ́? N kò ní júwe ọ̀nà náà fún yín.